Bí ẹ ṣe lè kó ara yín jọ gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi tí ẹ ò yàn tẹ́lẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́jọ la máa ń gun kẹ̀kẹ́ jáde ní òpin ọ̀sẹ̀. A kì í yan ibi tí à ń lọ tẹ́lẹ̀, torí pé ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde kẹ́yìn, a ti pín sí ọ̀nà mẹ́ta kó tó pé wákàtí kan, táyà ẹnì kan jò, ilẹ̀ sì ṣú bá wa lọ́nà. Méjì nínú wa ò tíì pẹ́ lórí kẹ̀kẹ́. Báwo la ṣe lè ṣe é tí a ó fi jọ lọ, tí a ó sì jọ dé, láì sọ ọ́ di ìdíje?

Ìdáhùn: Ẹ má pa àṣà yín tì. Kò sí ewu kankan nínú kí ẹnikẹ́ni má mọ ibi tí ẹ ń lọ. Ohun tó kó yín sí wàhálà ni pé ẹ fi nǹkan mẹ́ta mìíràn sílẹ̀ láìyàn pẹ̀lú rẹ̀: bí ẹ ṣe máa jìnnà tó, aago tí ẹ máa yí orí kẹ̀kẹ́ padà sílé, àti ẹni tí gbogbo yín máa fi ìrìn rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Bí ẹ bá ti fẹnu kò lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ lè fi ìyókù lé owó ẹyọ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti orí aago bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí àwọn tuntun bá wà nínú rẹ̀ máa ń rin nǹkan bíi kìlómítà 15 sí 18 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú, nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń yí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń yí. Ẹ máa dúró mu omi, okùn bàtà ẹnì kan máa tú, iná ojú pópó máa dá yín dúró. Bí ẹ bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, kìlómítà 12 ní wákàtí kan ni kí ẹ fi ṣírò. Ká ní wákàtí mẹ́rin lẹ ní, tí ẹ sì fẹ́ fi ìṣẹ́jú 45 jókòó níbi tí ẹ bá dé. Ohun tó kù fún ojú ọ̀nà ni wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 15, ìyẹn kìlómítà 39 ní àlọ àti àbọ̀. Nítorí àwọn méjì tó jẹ́ tuntun, ẹ dín in kù sí 36. Kìlómítà 18 ni àlọ, 18 ni àbọ̀.

Ẹ má wá pín àkókò ojú ọ̀nà náà sí ọgbọọgba. Ẹ fi ìṣẹ́jú 90 lọ, kí ẹ fi 105 sílẹ̀ fún àbọ̀, torí pé ẹsẹ̀ máa ti rẹ̀ yín, omi á ti dín kù, táyà tí yóò jò ò sì tíì jò. Tí ìṣẹ́jú 90 bá ti pé, ẹ yí padà, kódà bó ṣe pé kìlómítà méjì péré ló kù kí ẹ débẹ̀. Ibi yìí ló máa ń ṣòro jù fún àwọn ọ̀rẹ́, torí ẹnì kan á ṣáà sọ pé "ó ti kù díẹ̀". Nítorí náà, ẹ fún ẹyọ ẹnì kan láṣẹ aago kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì gbà pé òun ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ẹ ṣírò aago ìyípadà yìí láti ìgbà tí oòrùn máa wọ̀, kí ó ku wákàtí kan gbáko kí ilẹ̀ ṣú nígbà tí ẹ bá dé ilé. Síbẹ̀, kí kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iná funfun níwájú àti pupa lẹ́yìn, kí iná náà sì ti gba agbára ní alẹ́ àná.

Afẹ́fẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ẹ wo apá ibi tó ti ń fẹ́, kí ẹ sì kọjú sí i ní àlọ, nígbà tí ara ṣì le, kó lè máa tì yín lẹ́yìn ní àbọ̀. Ẹni tó ń rin kìlómítà 15 ní wákàtí kan, tí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ní kìlómítà 15 sì kọjú sí i, ń dojú kọ afẹ́fẹ́ 30. Bí ìyára afẹ́fẹ́ tó dojú kọ èèyàn bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń dá a dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tó sábà ń tan àwọn tuntun jẹ nìyí: wọ́n á lọ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, wọ́n á rò pé ara àwọn le gan-an, ìgbà tí wọ́n bá yí padà ni wọ́n á rí ẹni tó ń gbé wọn.

Ẹ wá jẹ́ ká yan ibi tí a ò yàn. Ọ̀nà kì í tọ́ bí okùn tí a nà. Ohun tó bá jẹ́ kìlómítà 10 lójú àwòrán ilẹ̀ máa ń tó bíi 13 lójú ọ̀nà. Nítorí náà, kìlómítà 18 yín jẹ́ nǹkan bíi 14 lójú àwòrán. Ẹ fa òbìrìkìtì kìlómítà 14 yí ilé ká, ẹ yọ ìdajì tó wà níhà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ kúrò, kí ẹnì kan dijú kó fi ìka kan ibì kan nínú ìdajì tó kù. Ó lè jẹ́ inú odò ló fọwọ́ kàn. Kò burú. Ẹ sún un sí ibi tó súnmọ́ ọn jù lọ tí èèyàn wà, tí omi mímu wà, tí ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀nà kejì ṣe pàtàkì, torí pé afárá lè já, ẹrẹ̀ sì lè di ọ̀nà kan. Ẹ wá wo gíga ilẹ̀ lórí fóònù. Bí gbogbo òkè tí ẹ máa gùn nínú kìlómítà 10 kò bá ju mítà 100 lọ, àwọn tuntun á lè fara dà á. Tó bá lé ní 200, ẹ tún ìka kàn. Ẹ yọ márosẹ̀ kúrò nínú ọ̀nà yín pátápátá, kí ẹ sì gba àwòrán ilẹ̀ náà sórí fóònù méjì, kó lè ṣí níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Àwọn kan fẹ́ràn kí owó ẹyọ máa pinnu ní oríta kọ̀ọ̀kan, orí ni òsì, ìrù ni ọ̀tún. Ó dùn, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó ń ṣe: kì í gbé yín jìnnà. Ní àdúgbò tí òpópónà ti dábùú ara wọn, ẹ̀ẹ̀mẹrin tí ẹ bá yà sí ọwọ́ kan náà máa dá yín padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé òun ló dára jù fún ìjáde àkọ́kọ́ àwọn tuntun, nítorí kò sí ìgbà tí ilé jìnnà sí wọn. Bí ẹ bá fẹ́ jìnnà, ẹ jẹ́ kí owó ẹyọ yan láàárín ọ̀nà méjì tó jẹ́ pé méjèèjì ló ń jáde kúrò nítòsí ilé. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀tọ́ láti kọ ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀kan, láì sọ ìdí. Ẹni tí ẹ̀rù ọkọ̀ ń bà kì í fẹ́ sọ ọ́ lójú ẹgbẹ́.

Ní ti ìpínyà yín, ẹ má rò pé àwọn alágbára ló fi àwọn yòókù sílẹ̀. Oríta ló pín yín. Ẹ fojú inú wo kẹ̀kẹ́ mẹ́jọ tó tò tẹ̀ lé ara wọn, tí wọ́n ń rin kìlómítà 18 ní wákàtí kan, tí mítà mẹ́rin wà láti iwájú ọ̀kan sí iwájú èkejì. Ẹni iwájú dé oríta, ó dẹwọ́ sí 8, ó yà, ojú ẹsẹ̀ ló sì tún padà sí 18. Nígbà tí ẹni kẹjọ bá tó yà tirẹ̀, ó ti tó ìṣẹ́jú àáyá 12, àlàfo tó jẹ́ mítà 28 tẹ́lẹ̀ á sì ti lé ní 50. Kó tó lè bá yín, àfi kó sáré ju 18 lọ dáadáa. Oríta mẹ́wàá túmọ̀ sí eré àsápajúdé mẹ́wàá fún ẹni ẹ̀yìn, nígbà tí ẹni iwájú ò tíì sáré kankan. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù ni ẹ sábà máa ń fi sẹ́yìn.

Àtúnṣe rẹ̀ pé méjì. Àkọ́kọ́, tí aṣíwájú bá jáde ní oríta, kó má kọjá 10 sí 12 títí yóò fi gbọ́ "Ó pé!" Ẹni tó kẹ́yìn ló máa pè é tí òun náà bá ti yà, àwọn tó wà láàárín á sì gbé e síwájú. Ìṣẹ́jú àáyá 15 péré ni, ó sì ń gba yín lọ́wọ́ ìdúró ìṣẹ́jú 15. Èkejì, ẹ fi àwọn tuntun sí ipò kejì àti ìkẹta, ní ẹ̀yìn aṣíwájú gan-an. Níbẹ̀, wọn kì í jìyà oríta, aṣíwájú sì ń gba afẹ́fẹ́ fún wọn. Àwọn alágbára ni kó wà lẹ́yìn, torí pé àwọn ló lè sáré bá ẹgbẹ́ tí nǹkan bá dá wọn dúró. Akẹ́yìn, ẹni tó kẹ́yìn pátápátá, ni kó ru irinṣẹ́ àti páǹpù. Ẹni tó bá ru páǹpù síwájú lè ti lọ ní kìlómítà méjì kó tó mọ̀ pé táyà ẹnì kan jò.

Kí aṣíwájú má jẹ́ ẹni tó lágbára jù. Ẹni tó máa ń wẹ̀yìn ni kó jẹ́. Kó máa bá ẹni kejì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: bí onítọ̀hún bá dáhùn gbólóhùn kan tó gùn láì mí gúlegúle, ìyára yín dára. Bó bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" nìkan ló ń jáde, ẹ dín ìyára yín kù ní kìlómítà méjì ní wákàtí kan. Ní òkè, ẹ jẹ́ kí kálukú gùn ún bí agbára rẹ̀ ṣe mọ, kí ẹ sì jọ pàdé lórí rẹ̀. Àṣìṣe kan wà níbẹ̀ tó wọ́pọ̀ gan-an: àwọn tó kọ́kọ́ dé á sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún, bí ẹni ìkẹyìn bá ṣe ń dé báyìí, wọ́n á gbéra. Ẹni tó nílò ìsinmi jù nìkan ni kò sinmi. Ìgbà tí ẹni ìkẹyìn bá fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ka ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Níbi tí ẹ bá fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà tí ẹ wà, ẹ má yà bí ẹ ò bá rí akẹ́yìn. Tí ẹ bá pọ̀ ju méjìlá lọ, kí aṣíwájú fi ẹnì kan sílẹ̀ síbi tí ẹ ti yà kó máa nawọ́ sí ọ̀nà, títí akẹ́yìn yóò fi dé. Á wá bọ́ sí iwájú akẹ́yìn, ẹlòmíràn á sì dúró níbi tó kàn tí ẹ bá ti yà. Ẹni tó bá wòkè tí kò rí ẹnikẹ́ni níwájú kò gbọdọ̀ méfò ọ̀nà. Kó padà sí oríta tó ti rí wọn kẹ́yìn, kó dúró síbẹ̀, kó sì pe akẹ́yìn lórí fóònù. Bí èèyàn méjì bá ń wá ara wọn, tí àwọn méjèèjì sì ń rìn, wọ́n lè má pàdé.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ìjáde ni kí ẹ yẹ kẹ̀kẹ́ wò, kì í ṣe ní àárọ̀. Afẹ́fẹ́ inú táyà máa ń jò díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n tó yẹ wà lára ẹ̀gbẹ́ táyà, ní PSI, ìyẹn òṣùwọ̀n bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó. Ẹ má kọjá èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Fún ẹni tó wọn kílò 75, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ ní mílímítà 28 máa ń fẹ́ nǹkan bíi 75 sí 85, èyí tó fẹ̀ tó 38 ń fẹ́ 45 sí 60, táyà ńlá tó tó íǹṣì méjì ń fẹ́ 30 sí 40. Ẹ tẹ bíréèkì: bó bá wọlé títí kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ tún un ṣe. Ẹ wo ìjókòó àwọn tuntun pẹ̀lú. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán. Ìjókòó tó wálẹ̀ jù ló sábà ń mú iwájú orúnkún dun èèyàn, ìrora náà kì í sì í jáde títí ẹ ó fi jìnnà sílé.

Irinṣẹ́ ẹgbẹ́ kò pọ̀: páǹpù kan, ọ̀pá ìyọ-táyà méjì, àpò ìlẹ̀-tíúbù, álẹ́ńkì (irin onígun mẹ́fà tí a fi ń tú bóòtù) 4, 5 àti 6 mílímítà, irinṣẹ́ tí a fi ń já ṣéènì, àti sípánà 15, torí pé nọ́ọ̀tì ló di ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ mú. Sípánà yìí ni ẹgbẹ́ sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ láìsí i táyà ò ní yọ. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú tíúbù tó bá táyà tirẹ̀ mu. Ẹ wo ẹnu tíúbù náà: ọ̀kan nípọn bíi ti ọkọ̀, èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní kókó kékeré tí a máa ń tú lórí. Kí páǹpù yín lè fẹ́ méjèèjì.

Tí táyà bá jò, kí gbogbo ẹgbẹ́ kúrò lójú ọ̀nà pátá, kí ẹnì kan ṣe é, kí ẹnì kan ràn án lọ́wọ́, kí àwọn yòókù jẹun. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ kọ́kọ́ gbé ṣéènì sórí eyín tó kéré jù, á rọrùn láti yọ. Ẹ fún táyà wọ àárín rímù yípo kí ó lè dẹ̀, kí ẹ wá fi ọ̀pá yọ etí rẹ̀ ní òdìkejì ẹnu tíúbù. Ẹ má lo sukurudíráfà. Òun ló máa lu tíúbù tuntun. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí tíúbù tó jò kí ẹ gbọ́ ibi tó ti ń sín. Ihò máa ń sọ ohun tó fà á. Ihò méjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn: táyà rọ̀ jù, kòtò sì gbá a mọ́ rímù. Ihò ní apá inú, lọ́dọ̀ sípóòkù: ọ̀já tó bo orí sípóòkù ti ṣí. Ihò kan ṣoṣo ní apá òde: ẹ̀gún, ìgò tàbí wáyà ni, ó sì ṣeé ṣe kó ṣì wà lára táyà. Ẹ fi ẹnu tíúbù ṣe àmì, ẹ wọn ibẹ̀ mọ́ táyà, kí ẹ fi aṣọ nu inú rẹ̀ yípo. Aṣọ á há mọ́ ohun náà. Àwọn tó fo ìgbésẹ̀ yìí ni tíúbù tuntun wọn máa ń jò kí wọ́n tó rin kìlómítà kan.

Ẹ fẹ́ tíúbù tuntun díẹ̀, kó ṣáà yípo, kó má baà lọ́. Ẹnu rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wọlé. Ẹ fi àtàǹpàkò ti etí táyà padà láti òdìkejì, kí ẹ parí rẹ̀ síbi ẹnu tíúbù, ẹ wá ti ẹnu náà wọ inú díẹ̀ kí tíúbù má baà há sábẹ́ etí. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yípo kí ẹ tó fẹ́ ẹ tán. Ẹ lè lẹ tíúbù àtijọ́ nígbà tí ẹ bá jókòó: ẹ fi sáńpépà ha ibẹ̀ títí kò fi ní dán mọ́, ẹ fi sọ̀lúṣọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ pa á kọjá ibi tí ìlẹ̀ máa dé, kí ẹ dúró bíi ìṣẹ́jú márùn-ún kó gbẹ lójú kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Ìkánjú níbi ìdúró yìí ló máa ń jẹ́ kí ìlẹ̀ ṣí.

Lójú ọ̀nà, ẹ tẹ̀ lé òfin ìlú yín lórí ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ ń gbà, kí ẹ má sì kọjú sí ọkọ̀ láé. Níbi tí ọ̀nà bá tóóró, ẹ tò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ pín sí mẹ́rin-mẹ́rin, kí àlàfo tí ọkọ̀ kan lè wọ̀ wà láàárín. Fún àwọn tuntun, gígùn kẹ̀kẹ́ kan ni àlàfo tó kéré jù sí ẹni iwájú. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ jù lọ ni pé kí táyà iwájú wọn má ṣe wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn ẹlòmíràn. Bí ẹni iwájú bá yẹ̀ díẹ̀, táyà méjì á kan ara wọn. Ẹni ẹ̀yìn ló máa ṣubú, torí táyà iwájú tirẹ̀ ni kò lè yí mọ́, ìyẹn ló sì fi ń dúró ṣinṣin. Kí aṣíwájú nawọ́ sí kòtò, kó pe "Ihò!", kí akẹ́yìn pe "Ọkọ̀ lẹ́yìn!" Ẹ má tẹ bíréèkì lójijì láì kọ́kọ́ pe "Dúró!" Ní ìsọ̀kalẹ̀, ẹ dín ìyára kù kí ẹ tó dé kọ̀rọ̀, kì í ṣe nínú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ìlà ọ̀dà tí wọ́n kùn sójú títì àti irin máa ń yọ̀. Ẹ gba orí wọn kọjá ní títọ́, láì yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹ dábùú irin ojú irin tààrà. Kí gbogbo yín dé àkóto.

Omi: ìdajì lítà sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà fún ẹnì kan ní wákàtí kan, kó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ bí oòrùn bá mú. Bí ìrìn bá lé ní wákàtí kan ààbọ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa jẹ nǹkan kékeré, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ebi tó pa á. Ẹni tó dédé dákẹ́, tí inú ń bí, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yà bàrà, ebi ló sábà ń ṣe é. Ẹ dá a dúró, ẹ fún un ní ohun dídùn, kó sinmi ìṣẹ́jú 15. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá gbóná janjan, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara, kì í ṣe ebi nìyẹn. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì pe ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú, kí ẹnì kan kọ́kọ́ lọ dá ọkọ̀ dúró. Ẹ má fà á dìde. Ẹ jẹ́ kó dìde fúnra rẹ̀ bó bá lè dìde. Bó bá fi orí gbálẹ̀, ìrìn rẹ̀ parí lónìí, kódà bó sọ pé kò sí nǹkan, àkóto rẹ̀ náà ò sì ṣeé lò mọ́. Kí ẹ tó tún gùn, ẹ wò ó bóyá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ṣì tọ́ sí táyà, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sókè kí ẹ yí i wò bóyá ó ń ha bíréèkì. Ẹni tí kò bá lè lọ mọ́, kó wọ ọkọ̀ lọ sílé, kí ẹnì kan bá a lọ. Àwọn yòókù, ẹ tún ara yín kà, kí ẹ fi ẹni tó rẹ̀ jù sí ipò kejì, kí ẹ sì wo aago bóyá ó ti tó láti yí padà.